Fíìmù tó gba ọdún 12: Ìtàn bí àwọn onísinimá Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ṣe ń wá owó tí wọ́n fi ń parí iṣẹ́

Lọ́dún 1973 ni Désiré Ecaré, ọmọ orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, gbé kámẹ́rà kalẹ̀ láti ya fíìmù kan nípa àwọn obìnrin ilẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1985 ni àwọn òǹwòran tó rí i.

Láàárín ọdún 12 yẹn, olùdarí fíìmù náà kò gbàgbé ìtàn tó fẹ́ sọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé àwọn òṣèré rẹ̀ kò mọ iṣẹ́. Owó ló tán.

Orúkọ fíìmù náà ni Visages de femmes, èyí tó túmọ̀ sí 'Ojú àwọn obìnrin'. Ìtàn rẹ̀ jọ ti ọ̀pọ̀ sinimá tí àwọn Yorùbá mọ̀ dáadáa. Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ade Love kojú ìṣòro yìí, Moses Ọláìyá tó jẹ́ Baba Sala náà sì kojú rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ló ń bá gbogbo wọn jí láàárọ̀: ta ni yóò san owó tó kù?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, ẹni tó bá fi orí tì í dópin ni. Nínú iṣẹ́ sinimá, owó tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ kì í sábà ṣòro rí tó owó tí wọ́n fi ń parí.

Ta ni Désiré Ecaré?

Ọdún 1939 ni wọ́n bí Ecaré ní Treichville, nílùú Abidjan.

Etí Yorùbá kò ṣàjèjì sí Treichville. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, débi pé kò yani lẹ́nu láti gbọ́ èdè Faransé láàárín ọjà ní Èjìgbò. Bí Ecaré ṣe ń dàgbà, àwọn oníṣòwò láti onírúurú orílẹ̀-èdè ló yí i ká.

Ó lọ sí ìlú Paris láti kọ́ eré orí ìtàgé, lẹ́yìn náà ló kọ́ iṣẹ́ sinimá ní ilé ẹ̀kọ́ IDHEC. Ilé ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni Ọlá Balógun, ọmọ Nàìjíríà tó padà wá di olùdarí fíìmù Yorùbá, ti kẹ́kọ̀ọ́.

Fíìmù àkọ́kọ́ tí Ecaré ṣe ni Concerto pour un exil lọ́dún 1968. Ó dá lórí àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń gbé nílùú òyìnbó. Lọ́dún 1970 ló gbé À nous deux, France jáde. Owó kékeré ló fi ṣe àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí, àwọn ojúgbà rẹ̀ ló sì bá a ṣe é.

Nígbà tó fi máa padà sílé, ó ti mọ bí èèyàn ṣe ń fi owó táṣẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ fíìmù. Ohun tó wá kọ́ nílé ni pé ìparí nìṣòro.

Kí ló dé tí iṣẹ́ náà fi dúró?

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé èèyàn, ó yẹ kéèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń ya fíìmù láyé ìgbà yẹn.

Kò sí kámẹ́rà ti fóònù. Orí ìdì fíìmù ni wọ́n ń ya àwòrán sí, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni wọ́n lè lo ìdì kọ̀ọ̀kan. Ìdì fíìmù 35mm tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 lọ.

Bí fíìmù bá máa jẹ́ ìṣẹ́jú 90, tí olùdarí sì ya ìran kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀marùn-ún kó lè mú èyí tó dára jù, nǹkan bí ìdì 41 ló máa lò. Owó gidi ni ìdì kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ òkèèrè sì ni wọ́n ti ń rà á.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ fíìmù ní Paris tàbí London. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gé e, wọ́n á tò ó pọ̀. Wọ́n á tún fi ohùn àti orin sí i kí wọ́n tó tẹ ẹ̀dà tí gbọ̀ngàn sinimá máa lò.

Ibí ni owó ìparí ti yàtọ̀ sí owó ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń ya fíìmù lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà tí ìfẹ́ lè ṣe. Ará àdúgbò lè yọ̀ǹda ilé rẹ̀. Ìyá olùdarí lè se oúnjẹ fún àwọn òṣèré. Ọ̀rẹ́ lè gbé mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀, òṣèré náà sì lè gbà láti ṣiṣẹ́ títí dìgbà tí owó bá wọlé.

Àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ń fọ fíìmù kò mọ ìyá ẹnikẹ́ni. Owó ló mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni fíìmù àbọ̀ kò ṣe é fi dúró ní báńkì. Ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́ ilé sí ṣì ń jẹ́ ilẹ̀, onílẹ̀ sì lè tà á. Ìdì fíìmù tí kò ní ìparí kò sí lọ́jà.

Ìjọba ńkọ́?

Ìjọba Côte d'Ivoire dá ilé iṣẹ́ sinimá kan sílẹ̀ lọ́dún 1962, tí wọ́n ń pè ní Société Ivoirienne de Cinéma. Àmọ́ wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa lọ́dún 1979, ìyẹn nígbà tí fíìmù Ecaré ṣì wà ní àbọ̀.

Ọ̀nà kejì wà. Láti ọdún 1963 ni ìjọba Faransé ti ní ọ́fíìsì kan tó ń ran àwọn onísinimá láti orílẹ̀-èdè tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ fíìmù Áfíríkà ni ọ́fíìsì yìí bá parí, torí ó máa ń san owó fífọ̀ àti ìtòpọ̀, tí òun náà á sì gba ẹ̀tọ́ láti fi fíìmù náà hàn níbi tí kì í ti í ṣe ti títà.

Ìrànlọ́wọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sanwó fún olórin ló ń sọ orin tí yóò kọ. Ọ̀pọ̀ onísinimá nígbà náà ló ń kọminú sí i pé ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àná náà ló ń pinnu èyí tó máa parí àti èyí tí kò ní parí nínú iṣẹ́ wọn.

Ecaré ní tirẹ̀ dúró. Ọdún 1983 ni iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Obìnrin ẹlẹ́ja tí báńkì kò yá lówó

Nínú Visages de femmes, ìtàn méjì ló wà, orin àti ijó àwọn obìnrin ló sì so wọ́n pọ̀.

Ìtàn kan wáyé ní abúlé. Ọkọ kan ń jowú nítorí ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ tó ti ìlú ńlá dé.

Ìtàn kejì dá lórí Bernadette, obìnrin tó ń yan ẹja tà. Òwò rẹ̀ ń lọ dáadáa, àmọ́ àwọn ẹbí ń jẹ ẹ́ lówó. Ó fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ, ó sì lọ sí báńkì láti yáwó. Báńkì kò yá a.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ṣe fíìmù náà kò ní ṣàì rí i pé ọ̀rọ̀ olùdarí gan-an ló wà lẹ́nu Bernadette. Obìnrin náà ní òye, ó ní oníbàárà, ó sì ní agbára láti ṣiṣẹ́. Ohun tí kò ní ni ẹni tó máa gbà pé ohun tí kò tíì sí lè wà.

Bákan náà, ìrísí fíìmù náà bá bí wọ́n ṣe rí owó rẹ̀ mu. Fíìmù tó ní ìtàn méjì, tí orin so pọ̀, lè fara da ìdádúró ju èyí tí òṣèré kan ṣoṣo gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọdún mẹ́wàá ń yí ojú èèyàn padà. Orin kì í darúgbó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1985, wọ́n fi fíìmù náà hàn níbi àjọ̀dún sinimá Cannes ní ilẹ̀ Faransé, àwọn akọ̀ròyìn tó ń ṣe lámèyítọ́ sinimá lágbàáyé sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ.

Nílé ńkọ́? Ìran ìfẹ́ kan tó wáyé nínú odò bí àwọn aláṣẹ nínú, wọ́n sì fòfin de fíìmù náà fún ìgbà kan ní Côte d'Ivoire. Ẹni tó fi ọdún 12 wá owó tún wá dojú kọ ohun mìíràn: àwọn ará ilé rẹ̀ tó ṣe fíìmù náà fún kò lè wò ó.

Ecaré kú lọ́dún 2009. Visages de femmes ni fíìmù gígùn tó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, òun náà ló sì gbẹ̀yìn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹbí ni báńkì

Nígbà tí iṣẹ́ Ecaré dúró ní Côte d'Ivoire, sinimá Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde ni.

Àwọn onísinimá Nàìjíríà kò ní ọ́fíìsì Faransé tó máa bá wọn san owó ìparí. Àmọ́ wọ́n ní ohun kan tí Ecaré kò ní: ẹgbẹ́ eré alárìnjò.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ti ń gbé eré káàkiri láti ìlú dé ìlú. Wọ́n ní òṣèré, wọ́n ní mọ́tò, wọ́n ní aṣọ eré. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n ní òǹwòran tó mọ̀ wọ́n lójú, tó sì múra tán láti sanwó ẹnu ọ̀nà.

Lọ́dún 1976, Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún, Ade Love sì kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ka fíìmù náà sí àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Bí àwọn èèyàn ṣe tú jáde láti wò ó jẹ́ kí àwọn olórí ẹgbẹ́ eré yòókù rí i pé owó wà nídìí sinimá.

Ade Love fúnra rẹ̀ tẹ̀síwájú. Ó ṣe Ìjà Òmìnira, lẹ́yìn náà ló tún ṣe Kádàrá lọ́dún 1980. Àwọn fíìmù mìíràn tún tẹ̀lé e.

Hubert Ògúndé náà kò gbẹ́yìn. Ọdún 1945 ló ti dá ẹgbẹ́ eré rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó ṣe fíìmù Ayé lọ́dún 1979, eré orí ìtàgé tí àwọn èèyàn ti mọ̀ ló gbé sí orí fíìmù, Ọlá Balógun náà ló sì bá a darí rẹ̀. Jáíyésinmi tẹ̀lé e lọ́dún 1980, Àròpin N'Tènìyàn sì dé lọ́dún 1982.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyàwó àti ọmọ Ògúndé ló wà nínú ẹgbẹ́ náà. Àwọn ló ń ṣeré, àwọn ló ń kọrin. Sinimá ẹbí ni ní ti gidi: inú ilé kan náà ni òṣèré ti ń jáde, inú ilé náà sì ni owó tó bá wọlé ń padà sí.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n dín ohun tí wọ́n ní láti fi owó rà kù. Ẹni tí kò san owó òṣèré àti owó aṣọ lè tọ́jú owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ de ilé iṣẹ́ tó ń fọ fíìmù.

Bí fíìmù bá jáde, wọn kì í gbé e lé àlejò lọ́wọ́. Wọ́n á gbé ẹ̀dà fíìmù àti ẹ̀rọ tó ń fi í hàn sínú mọ́tò, wọ́n á yá gbọ̀ngàn ìlú tàbí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á sì gba owó ẹnu ọ̀nà fúnra wọn. Owó tí wọ́n bá rí nínú fíìmù kan ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Àmọ́ ètò yìí ní ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Gbogbo rẹ̀ dúró lórí pé ẹ̀dà fíìmù náà wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Bí ẹlòmíì bá ti ní ẹ̀dà, ilé ti dà wó nìyẹn.

Baba Sala àti Ọ̀run Móoru

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ mọ́ lára jù ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Baba Sala, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹgbẹ́ Aláwàdà.

Lọ́dún 1982, ó gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Ìtàn náà dá lórí ọkùnrin kan tí oníjìbìtì sọ di aláìní, tí ayé sì sú.

Fíìmù olówó ńlá ni nígbà náà. Baba Sala yá owó láti ṣe é, èrò rẹ̀ sì ni pé owó ẹnu ọ̀nà ni òun máa fi san gbèsè. Èrò náà bọ́gbọ́n mu, torí kò sí ìlú Yorùbá tí èrò kì í ya lọ wò ó.

Àmọ́ àwọn kan jí fíìmù náà dà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì ń tà á. Ẹni tó bá ti wò ó ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní sanwó ẹnu ọ̀nà mọ́.

Báyìí ni ẹni tó ṣe fíìmù nípa ọkùnrin tí wọ́n lù ní jìbìtì ṣe di onígbèsè nípasẹ̀ fíìmù náà. Baba Sala tún ṣe àwọn fíìmù mìíràn bíi Ààrẹ Àgbáyé àti Mọṣẹ́bọ́látán, ṣùgbọ́n àdánù Ọ̀run Móoru kò tán nílẹ̀ bọ̀rọ̀. Títí tó fi kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, tí èèyàn bá dárúkọ jíjí fíìmù dà kọ ní Nàìjíríà, orúkọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn.

Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ òun àti Ecaré sórí ìwọ̀n, ìyàtọ̀ ńlá ló wà níbẹ̀. Ecaré kò tètè parí iṣẹ́ nítorí kò rí owó. Baba Sala rí owó, ó sì parí iṣẹ́ lásìkò, ṣùgbọ́n owó ẹlòmíì ló fi parí rẹ̀, ẹlòmíì ló sì kórè rẹ̀. Ọ̀kan pàdánù ọdún, èkejì pàdánù ọrọ̀.

Kì í ṣe Áfíríkà nìkan

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òṣì Áfíríkà ló fa gbogbo èyí. Ọ̀kan nínú àwọn fíìmù tí ayé ń yìn jù náà kọjá níbẹ̀.

Lọ́dún 1952, Satyajit Ray, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìpolówó ọjà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya Pather Panchali, ìtàn ẹbí tálákà kan ní abúlé. Ọjọ́ ìsinmi ló fi ń ya á nítorí kò lè fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀.

Nígbà tí owó tán, ó ta àwọn àwo orin rẹ̀. Wọ́n gbé ohun ọ̀ṣọ́ ìyàwó rẹ̀, Bijoya, lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń yáni lówó. Èyí náà kò tó, iṣẹ́ sì dúró fún oṣù gbọọrọ.

Ìjọba ìpínlẹ̀ West Bengal ló padà dá sí i. Ìtumọ̀ orúkọ fíìmù náà jẹ mọ́ orin ojú ọ̀nà, inú owó àtúnṣe ọ̀nà sì ni wọ́n kọ owó tí wọ́n fún un sí nínú ìwé ìjọba.

Ohun tó ń dẹ́rù ba Ray jù lásìkò ìdádúró náà ni ara àwọn òṣèré. Ọmọdé méjì ló wà nínú fíìmù náà. Bí wọ́n bá dàgbà, tí ohùn ọmọkùnrin bá yí padà, iṣẹ́ bàjẹ́. Ìyá àgbà tó tó ẹni 80 ọdún, Chunibala Devi, náà wà níbẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ parí, àmọ́ ó kú kí fíìmù náà tó jáde lọ́dún 1955.

Ìdí nìyí tí owó ìparí fi jẹ́ ọ̀rọ̀ kánjúkánjú. Owó lè dúró de èèyàn, ṣùgbọ́n ọmọdé kì í dúró kó má dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni ikú kì í wo ojú olùdarí fíìmù.

Náírà ṣubú, fídíò dé

Ní Nàìjíríà, ohun tó wá gbẹ̀yìn sinimá alárìnjò ni ọ̀rọ̀ ajé.

Lọ́dún 1985, náírà kan ṣì lé díẹ̀ ní dọ́là kan. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí SAP. Nígbà tó fi máa di ọdún 1992, nǹkan bí náírà 17 ni wọ́n fi ń ṣẹ́ dọ́là kan.

Náírà ni òǹwòran ń san lẹ́nu ọ̀nà, owó òkèèrè sì ni ilé iṣẹ́ tó ń fọ fíìmù ń gbà. Ẹni tó fi náírà kórè kò lè fi pọ́n-ùn sanwó mọ́.

Ní ti Côte d'Ivoire, oṣù Kìíní ọdún 1994 ni wọ́n dín iye owó CFA kù sí ìdajì. Ohun tí onísinimá lè fi fránkì 1,000,000 san ní Paris tẹ́lẹ̀ di 2,000,000 lọ́gán.

Àwọn Yorùbá kò dúró de ìjọba. Wọ́n gbé kámẹ́rà fídíò. Lọ́dún 1988, Adé Àjíbóyè gbé Ṣóṣó Méjì jáde lórí fídíò, ọ̀pọ̀ àwọn òṣèré alárìnjò sì gba ọ̀nà náà lọ. Sinimá àgbéléwò dé nìyẹn.

Fídíò kò nílò kí wọ́n fọ̀ ọ́ ní London. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi ń ya fíìmù, Nàìjíríà sì ni wọ́n ti ń tò ó. Àmọ́ ó ní ohun tó gbà padà. Ẹni tó ń san owó ìparí báyìí ni oníṣòwò kásẹ́ẹ̀tì, òun ló sì ń sọ irú ìtàn tó fẹ́, òṣèré tó fẹ́, àti ìgbà tó fẹ́ ẹ. Orúkọ ọ̀gá ló yí padà, ọ̀rọ̀ náà kò yí.

Ọmọ Ade Love gba ọ̀nà bàbá rẹ̀

Ade Love kú lọ́dún 1996. Àwọn ọmọ rẹ̀ bíi Mojí, Kúnlé, Àrẹ̀mú àti Gabriel ló wá di òṣèré àti onísinimá.

Iṣẹ́ báńkì ni Kúnlé Afọláyan ń ṣe kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Amẹ́ríkà. Ìràpadà ni fíìmù tó kọ́kọ́ darí. Lẹ́yìn rẹ̀ ló dáwọ́ lé The Figurine, tí wọ́n tún ń pè ní Àràrómirẹ́.

Fíìmù náà gba ọdún mẹ́rin sí márùn-ún láti ìgbà tí èrò rẹ̀ ti wá dé ìgbà tó jáde lọ́dún 2009. Owó tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 náírà ni ìròyìn sọ pé ó ná an, èyí tó ju ohun tí àwọn olùṣe àgbéléwò ń ná lọ fíìfíì nígbà náà. Ẹ̀yáwó wà nínú rẹ̀, ìrànwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ náà sì wà nínú rẹ̀.

Lọ́dún 2010, ó gba àmì ẹ̀yẹ márùn-ún níbi ètò AMAA, tó fi mọ́ ti fíìmù tó dára jù lọ.

Ibi tí ó ti hàn pé ọmọ náà kọ́ ẹ̀kọ́ lára ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìran bàbá rẹ̀ ni bó ṣe tà á. Gbọ̀ngàn sinimá ló kọ́kọ́ gbé e lọ, kò sì kánjú gbé e jáde sórí DVD tí àwọn olè lè dà kọ. Ohun tí Ade Love àti Ògúndé ń ṣe nígbà tí wọ́n ń gbé ẹ̀dà fíìmù sínú mọ́tò náà ni, ayé ọ̀làjú ló bá a.

Owó ìparí lónìí

Lónìí, ọ̀dọ́ tó wà ní Languibonou ní agbègbè Bouaké, tàbí èyí tó wà ní Èjìgbò, lè fi fóònù ya fíìmù kó sì fi kọ̀ǹpútà tò ó. Owó ìdì fíìmù ti kúrò níbẹ̀. Ṣé ìṣòro ti tán nìyẹn?

Ó ti yí ipò padà ni. Ohùn tó dáa, orin tí èèyàn gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, àtúnṣe àwọ̀, ìtumọ̀ tó ń hàn lábẹ́ àwòrán àti owó ìpolówó ṣì wà ní ìparí. Bíi ti àtijọ́, àwọn wọ̀nyí ni oúnjẹ ìyá kò lè san.

Ọ̀nà tuntun tí ọ̀pọ̀ ń gbà ni kí wọ́n ké sí àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti dá owó jọ. Kickstarter bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009 ní Amẹ́ríkà, GoFundMe sì tẹ̀lé e lọ́dún 2010.

Fún Yorùbá, ọ̀rọ̀ àjọ dídá kì í ṣe tuntun. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ́ kí èésú dúró ni pé àwọn tó ń dá a mọ ilé ara wọn, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí owó yóò kàn wọ́n. Ẹni tó ń bẹ àjèjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní onídùúró mìíràn ju ohun tó bá fi hàn wọ́n lọ.

Èyí ni wọ́n fi ń rí i pé fíìmù tó ti dé ìdajì, tí èèyàn lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ta rẹ̀ han aráyé, rọrùn láti tọrọ owó fún ju èyí tó ṣì wà nínú ìwé lọ. Fíìmù àbọ̀ tí báńkì kò kà sí nǹkan kan ti di ohun ìdúró lójú òǹwòran.

Àmọ́ ìtàn àwọn tó ṣáájú fi ohun méjì hàn kedere. Àkọ́kọ́ ni pé ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣírò owó ìbẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n ti ya owó ìparí sọ́tọ̀, kí wọ́n má sì fọwọ́ kàn án bí ìyà bá ń jẹ wọ́n níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Èkejì ni pé kí ẹni tó bá yáwó mọ bí owó yóò ṣe padà wọlé kó tó fọwọ́ sí ìwé, kó sì mọ ẹni tí ẹ̀dà fíìmù náà yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ecaré, Ade Love, Ògúndé àti Baba Sala ti lọ. Báńkì kò yá Bernadette lówó nínú fíìmù, àmọ́ àwọn èèyàn ṣì ń wo Bernadette títí di òní, nítorí pé ẹnì kan kò ju fíìmù náà nù fún ọdún mẹ́wàá tí kò fi rí owó. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín Ọ̀run Móoru nínú ilé Yorùbá.

Ohun tó ṣì kù láti yanjú ni bí ẹni tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín kò ṣe ní ku nínú gbèsè.